Ta Ló Ni Ọkọ̀ Náà? Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Òbí Tí Ọmọ Wọn Ń Múra fún Pinewood Derby

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé ni, oorun ṣì wà lójú wọn, nítorí náà n kò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó kó wa jọ ni páálí kékeré tí àwọn ọmọ yín gbà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Cub Scouts, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé níbí ní Amẹ́ríkà, fún Pinewood Derby, eré ìje ọkọ̀ kékeré tí ọmọ fi igi ṣe. Ẹ ti tú u wò: gígé igi páìnì kan, táyà oníke mẹ́rin, ìṣó mẹ́rin. Bàbá kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà nísinsìnyí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí? Níbo ni ọkọ̀ ọ̀hún wà?" Ó wà nínú igi yẹn. Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ jọ máa yọ ọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ sùn lè sùn. Iṣẹ́ igi ni mo kọ́, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ òbí rẹ́ igi yìí ní àdúgbò wa níbí. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ tí àwa àgbà máa ń já gbà mọ́ ọmọ lọ́wọ́, ìyẹn rírẹ́ igi àti gbígbẹ́ ẹ kó lè jọ ọkọ̀ Ferrari, kò fi bẹ́ẹ̀ kan eré tí ọkọ̀ náà máa sá. Iṣẹ́ tó ń mú ọkọ̀ sáré ni èyí tó kéré, tó ń gba sùúrù, tó ń dọ̀tí ìka, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè ṣe é dáadáa. Bí bàbá bá gba gbogbo rẹ̀ ṣe kí ọkọ̀ lè gba ipò kìíní, ibi tí kò sí eré ló ń fi agbára sí.

Ọkùnrin tó dá eré yìí sílẹ̀ ń jẹ́ Don Murphy. Ìlú Manhattan Beach ní California ló ń gbé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ayàwòrán ní North American Aviation, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Òun náà ni olórí ẹgbẹ́ Cub Scouts kan tí wọ́n ń pè ní Pack 280C. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, fẹ́ kópa nínú Soap Box Derby, eré tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á wà á sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì tíì tó èyí tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ká ní ilé tiwa ni, gbogbo wa la mọ èsì tí ọmọ yẹn ì bá gbà: lọ gbé ìwé ẹ. Murphy ní tiẹ̀ jókòó, ó ronú. Ó ro ọkọ̀ kékeré tí ọmọ ò ní wọ̀, tí wọ́n á fi igi ṣe, tí á kàn máa yí lọ láti orí ibi gíga sí ibi pẹrẹsẹ. Ó gba ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n ná owó sí i, wọ́n sì gbà. Ọjọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún 1953 ni wọ́n sá eré àkọ́kọ́ nílé ẹgbẹ́ Scout ní Manhattan Beach.

Ohun èlò tí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà, inú àpò bébà ni wọ́n kó o sí. Ojú ọ̀nà náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 31, ọkọ̀ méjì péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé? Aago ẹnu ọ̀nà ilé, èyí tí àlejò máa ń tẹ̀, ni wọ́n so mọ́ bátìrì níbi tí eré parí sí. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn sí aago ẹnu ọ̀nà yẹn ju ẹ̀rọ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1954, ìwé ìròyìn Boys' Life gbé e jáde fún gbogbo Amẹ́ríkà, eré náà sì ràn káàkiri.

Ohun tí Murphy sọ pé òun ń wá kò le láti rántí: kí bàbá àti ọmọ sún mọ́ra, kí ọmọ mọ iṣẹ́ ọwọ́, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń díje láìbínú. Nígbà yẹn, ọmọkùnrin àti bàbá ló wà lọ́kàn wọn. Láti 2018 ni Cub Scouts ti ń gba ọmọbìnrin, àjọ tó ni ẹgbẹ́ náà sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Scouting America ní 2025. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ má rò pé bàbá nìkan ni mò ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì dàgbà nínú ìjọ Baptist ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn, ẹ mọ ẹgbẹ́ R.A., Royal Ambassadors. Nínú àwọn ìjọ Baptist níbí, àwọn ọmọ R.A. náà ń ṣe irú ọkọ̀ yìí, wọ́n sì ń fi sáré. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí ilé Ọlọ́run o.

Àwa náà ti ṣe ọkọ̀ rí, àbí a ò ṣe? Agolo mílíìkì, agolo sàdíìnì, a ó dá a lu, a ó gún igi bọ inú rẹ̀, a ó gé sálúbàtà tó ti já roboto láti fi ṣe táyà, a ó so okùn mọ́ ọn níwájú, a ó máa wọ́ ọ káàkiri àdúgbò pẹ̀lú ariwo. Wo ẹni tó bá wa ṣe é. Kò sí. Bí bàbá bá tilẹ̀ rí wa pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná lọ́wọ́, ẹgba ló máa tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣàjèjì sí wa nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀, bí kò ṣe bàbá tó jókòó ti ọmọ lórí tábìlì kan náà. A mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ. A tún mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí n bá ẹ ṣe é." Ohun tó wà láàárín méjèèjì, kí á jókòó, kí á máa wo ọwọ́ ọmọ bó ṣe ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ, kí á má sì gbà á, ọ̀pọ̀ wa ò rí i kọ́.

Ilé oníṣẹ́ ọnà nìkan ni mo lè yọ sọ́tọ̀. Olóògbé Lamidi Fakeye, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìlá-Ọ̀ràngún tó kọ́ni ní Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́gi kó tó lọ sọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Arówóògùn ará Ọ̀sì, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Àwọn oníṣẹ́ yìí mọ ìpele tí igi máa ń gbà kọjá: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Ọ̀gá ló ń lé e, ọmọ iṣẹ́ á bá a dán án. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ páìnì yìí rí náà nìyẹn: àgbà ni kó di ayùn mú, kí ọmọ máa dán.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń mú un sáré.

Ọkọ̀ yìí kò ní ẹ́ńjìnnì. Gbogbo agbára tó ní ni èyí tí ẹ fún un nígbà tí wọ́n gbé e sórí ojú ọ̀nà náà, níbi tó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, òòfà ilẹ̀ á fà á sọ̀kalẹ̀, á dé ibi pẹrẹsẹ, á sì máa sá lọ títí dé òpin. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn, kò sí nǹkan kan tó tún lè fi agbára kún un. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oríṣiríṣi nǹkan á máa jẹ nínú agbára yẹn: táyà tó ń ha ìṣó, táyà tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ igi àárín ojú ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń mì, àti atẹ́gùn. Ẹni tí wọ́n bá jẹ díẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ dé.

Àwọn táyà yẹn ò ní bíárìn. Orí ìṣó lásán ni wọ́n ń yí. Torí náà, ìṣó ni mo fẹ́ ká gbé pẹ́ lé lórí.

Ẹ mú ọ̀kan nínú ìṣó mẹ́rin yẹn. Ẹ fi èékánná gba abẹ́ orí rẹ̀. Ẹ ó kan nǹkan tó ń gún ọwọ́ díẹ̀. Ẹ wá wo ara rẹ̀ lábẹ́ iná, ẹ ó rí àwọn ilà kéékèèké tó dá bùú níbi tí ẹ̀rọ ti dì í mú nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Gbogbo ìgbà tí táyà bá yí, orí ilà yẹn ló ti ń ha. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: àgbà á fi ẹnu ìṣó sínú dírììlì, bí ẹni fẹ́ fi lu nǹkan, orí ìṣó á yọ síta. Ẹ wọ awò ààbò sójú, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ tẹ dírììlì náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Fáìlì kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń ha irin, ni kí ọmọ kọ́kọ́ fi ha abẹ́ orí ìṣó títí nǹkan tó gún yẹn á fi lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gé sáńpépà sí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ọmọ fi ká ìṣó náà, kó sì máa fà á síwá sẹ́yìn bí ìṣó ṣe ń yí. Sáńpépà 400 ni kó kọ́kọ́ lò, ẹ tún lo 600, ẹ tún lo 1000 tàbí èyí tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi dúdú á máa kán sílẹ̀, ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì ìyàwó yín. Tó bá yá, ìṣó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ọmọ náà á kọ́kọ́ sọ pé ó ti tó. Kò tíì tó. Ẹ ní kó gbé e sábẹ́ iná, kó yí i, kó sọ fún yín bóyá ó ṣì rí ilà kankan. Bó bá rí ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló máa padà sídìí sáńpépà, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ fún un.

Ibí yìí ni mo ti máa ń rí ọmọ tí wọ́n ní kì í lè jókòó sójú kan tó jókòó. Ojú rẹ̀ á wọ inú ìṣó. Ìṣó mẹ́rin, ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ má fi tẹlifóònù sí tòsí.

Lẹ́yìn èyí ni gíráfáìtì. Ìyẹ̀fun dúdú ni, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsùlù. A kì í fi òróró sí ọkọ̀ yìí o. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló kà á léèwọ̀. Ẹ da gíráfáìtì díẹ̀ sínú ihò táyà, ẹ fi ìṣó bọ̀ ọ́, kí ọmọ máa fi ìka yí táyà náà, kó tún fi kún un, kó tún yí i. Kí wọ́n ṣe é títí inú ihò náà á fi máa tàn. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti tò pọ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ ní kó fi ìka gbá táyà kan, kó sì máa ka iye tí táyà náà á fi yí kó tó dúró. Táyà tí kò rí ìtọ́jú á yí díẹ̀, á kú. Èyí tó rí ìtọ́jú, ọmọ á kà á títí ẹnu rẹ̀ á fi rẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló kàn. Òfin ní ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wúwo ju áúńsì 5 lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 142. Kò gbọ́dọ̀ gùn ju ínṣì 7 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ínṣì 2¾ lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wọn áúńsì mẹ́rin ti fi eré sílé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ohun tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́ jọ máa ń balẹ̀ pọ̀ ni. Òótọ́ ni, bí kò bá sí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn wà, ó sì ń ti ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ sẹ́yìn ju bó ṣe ń ti èyí tó wúwo lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó wúwo dé ibi tí òfin gbà dé.

Ibi tí ẹ máa fi ìwọ̀n yẹn sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo ọkọ̀ náà nígbà tó bá wà lókè, imú rẹ̀ kọ sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè. Irin tí ẹ bá fi sí ìdí ga sílẹ̀ ju èyí tí ẹ fi sí imú lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì dé ibi pẹrẹsẹ, irin tó wà nídìí àti èyí tó wà nímú á jọ wà ní ìwọ̀n gíga kan náà. Èyí túmọ̀ sí pé èyí tó wà nídìí ti já wálẹ̀ láti ibi tó ga jù, ó sì mú agbára tó pọ̀ jù bọ̀. Ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, imú ọkọ̀ á fúyẹ́ jù, á máa mì. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lé etí rúlà, ẹ sún un títí kò fi ní tẹ̀ sí iwájú tàbí ẹ̀yìn. Bí ibi tó ti dọ́gba bá wà ní nǹkan bí ínṣì kan síwájú ìṣó ẹ̀yìn, ó ti dáa. Ọmọ ni kí ẹ jẹ́ kó wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi òjé ṣe ìwọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún ọmọdé láti fọwọ́ kan òjé, májèlé ni. Tungsten ló dáa jù, torí ó wúwo ju òjé lọ nínú àyè kékeré, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Zinc tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Scout pọ̀ tó. Mo ti rí ẹni tó lẹ kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà mọ́ ọn lábẹ́, kò sì burú: ìwọ̀n ni ìwọ̀n. Ẹ ṣáà ti wo abẹ́ ọkọ̀, torí igi kan máa ń la àárín ojú ọ̀nà kọjá tí táyà á wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ga tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínṣì, kò gbọdọ̀ ha igi yẹn.

Ohun tó kù ni kí ọkọ̀ máa lọ tààrà. Ẹ tẹ́ pákó tó dán sílẹ̀, ẹ gbé orí rẹ̀ kan sókè díẹ̀, kí ọmọ tú ọkọ̀ sílẹ̀, kó wo apá ibi tó ń yà sí. Bó bá ń yà, ìṣó kan ló tẹ̀ tàbí tí kò wọlé tààrà. Ẹ fi ẹnu pláyà yí i díẹ̀, ẹ tún tú u sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbá igi àárín lápá ọ̀tún lápá òsì, bó ti wù kí ìṣó rẹ̀ dán tó, ẹ̀yìn ló máa wà.

Ẹ ti wá rí i pé mi ò tíì dárúkọ bí ọkọ̀ ṣe máa rí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Imú tó tẹ́ pẹlẹbẹ ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ nítorí atẹ́gùn, kì í ṣe púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yàn. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa sọ pé dánfó lòun fẹ́, torí ó rí i nígbà tí wọ́n mú un lọ kí ìyá àgbà l'Ékòó. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé dánfó kì í sáré." Mo ní, màmá, ẹ gùn ún láti Ọ̀shòdì rí ṣá? Gígé igi yẹn ti jọ dánfó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: ọ̀dà yẹ́lò, ìlà dúdú méjì, ó tán. Ìṣòro kan ṣoṣo tó ní ni pé igi tí a kò gé á gba ọ̀pọ̀ nínú áúńsì márùn-ún yẹn, kò sì ní ku ohun tí a máa fi sí ìdí. Mo bá a fi dírììlì gbẹ́ inú rẹ̀ láti abẹ́, níwájú, ó fúyẹ́, àyè irin sì yọ. Iṣẹ́ tí mo ṣe sí ọkọ̀ yẹn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ nípa àwa àgbà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọmọ ọdún 14 kan láti Boulder ní Colorado gba ipò kìíní ní Soap Box Derby ní ìlú Akron, Ohio, eré ńlá yẹn gan-an tí ọmọ Murphy fẹ́ lọ nígbà kan. Àwọn tó ń wo eré rí i pé ọkọ̀ ọmọ náà ń fò jáde níbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì. Wọ́n ya fọ́tò inú ọkọ̀ náà bí dókítà ṣe ń yà egungun. Irin òòfà oníná ló wà nímú rẹ̀. Irin tó máa ń dá àwọn ọkọ̀ dúró níbẹ̀rẹ̀, bó bá ti ń wó sílẹ̀, òòfà yẹn á dì mọ́ ọn, á sì fa ọkọ̀ síwájú. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ ọmọ. Ta ló ṣe é? Ẹ ti mọ̀ ọ́n: àgbà nínú ẹbí ni, ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ dáadáa. Orúkọ ọmọ ló wà nínú ìwé ìròyìn.

Ilé tiwa kò gbọdọ̀ fi èyí rẹ́rìn-ín, torí ẹnu wa ni gbólóhùn yẹn ti ń jáde: "Ẹni tó ṣe ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?" Ẹni tó bá dàgbà lábẹ́ gbólóhùn yìí, tó wá rí gígé igi tí kò tó ọwọ́, tó mọ̀ pé òun ní ẹ̀rọ nílé, ó ṣòro fún un láti fi sílẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tó dán bíi dígí, tí ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ ti oníṣẹ́ ọkọ̀ gidi, tí ọmọ tó gbé e wá ò mọ ìdí tí ìwọ̀n fi wà lẹ́yìn. Wọ́n bi í, ó ní "Daddy ló fi síbẹ̀." Mo tún rí ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ṣàn sórí táyà, tí ọmọ tó ṣe é ń sọ fún àwọn ọmọ mìíràn ohun tí sáńpépà 600 ń ṣe. Ọkọ̀ kejì yìí kì í sábà gba ipò kìíní, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe ipò kẹta.

Ẹgbẹ́ púpọ̀ ti rí àrùn àwọn bàbá yìí, wọ́n sì ti wá egbòogi fún un: wọ́n ṣètò eré tiwọn fún àwọn àgbà lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá ń yún yín lọ́wọ́, ẹ ra páálí tiyín, ẹ rẹ́ ẹ bó ṣe wù yín, ẹ fi orúkọ ara yín sílẹ̀. Mo gbà yín níyànjú gidigidi. Ọmọ tó bá rí bàbá rẹ̀ tó ń dán ìṣó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, kò sí ìwàásù tó tún kù láti ṣe.

Mo sọ pé ayùn ni ti àgbà. Ẹ jẹ́ kó yé yín bó ṣe yẹ kó rí. Ọmọ ló máa ya àwòrán ọkọ̀ sórí bébà, á gé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi. Ẹ de igi mọ́ tábìlì kó má bàa máa yẹ̀. Àgbà á rẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, kì í ṣe lórí ilà, kí ọmọ lè fi sáńpépà parí rẹ̀. Ẹ má gé ibi tí ìṣó máa wọ̀ kúrò. Kòtò kéékèèké méjì tó wà lábẹ́ igi ni mò ń wí. Bí ọmọ bá ti tó láti fà ayùn ọwọ́, ẹ jẹ́ kó fà á díẹ̀, kí ọwọ́ yín wà lórí tirẹ̀. Kó mọ bí igi ṣe ń kọ̀.

Ìbéèrè díẹ̀ ló wáyé, mo kọ ọ́ síbí fún àwọn tí kò lè dúró.

Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òun kò ní ayùn, òun ò ní dírììlì, ọmọ méjì lòun sì ní nínú ẹgbẹ́. Màmá, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n ń rẹ́ igi fún gbogbo èèyàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ yín. Ẹ mú ọmọ dání, kó gbé àwòrán rẹ̀ wá. Ti dírììlì, ìṣó ṣeé fi ọwọ́ dán, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni.

Bàbá kan béèrè nípa àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe tán, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wà, wọ́n sì ń sáré. Ẹ kọ́kọ́ ka òfin ẹgbẹ́ yín, torí òfin kò dọ́gba: ibìkan ò fẹ́ kí wọ́n gé táyà kó fúyẹ́, ibìkan ò fẹ́ ìṣó mìíràn yàtọ̀ sí ti inú páálí, ibìkan ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Èrò tèmi lórí ríra á ti hàn sí yín.

Ẹlòmíràn béèrè pé ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lónìí. Ọ̀dà ń fẹ́ àkókò láti gbẹ, gúlúù náà ń fẹ́ tirẹ̀, ọmọ sì ń sùn ní aago mẹ́jọ. Ẹni tó bá fi í sí alẹ́ tó ṣíwájú eré, òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣe é, torí ọmọ á ti sùn.

Èyí tó kẹ́yìn: kí ni kí wọ́n ṣe bí ọkọ̀ bá wúwo jù lọ́jọ́ ìwọ̀n? Ẹ ṣe ìwọ̀n sílé ní òṣùwọ̀n ìdáná, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ ló ni ọ̀rọ̀, tiyín lè ṣì í díẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ìwọ̀n kan sílẹ̀ tí ẹ lè tètè yọ tàbí fi kún. Ẹ mú gúlúù, ìwọ̀n kéékèèké díẹ̀ àti gíráfáìtì dání. Ẹ fi gíráfáìtì sí i kẹ́yìn kí ọkọ̀ tó gun òṣùwọ̀n, torí tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á tò ó sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn tó kù, kò sì sí òbí tí wọ́n máa jẹ́ kó tún fọwọ́ kàn án títí eré á fi parí.